Òróòro Tí Ó Há Sínú Ẹ̀dọ̀, àti Àgbo Àwọn Ará Ṣáínà

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá sì kan ti àìsàn ẹ̀dọ̀, ọ̀rọ̀ náà di òdodo tí kò ní àbùlà, nítorí pé nígbà tí òróòro kò bá rí ọ̀nà jáde mọ́ láti inú ẹ̀dọ̀ ènìyàn, ẹyinjú ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí ó funfun níbẹ̀ a pọ́n rúsúrúsú. Ìtọ̀ a ṣú. Ìgbẹ́ a funfun bí ẹfun. Ara a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún aláìsàn láti àtẹ́lẹwọ́ dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí yóò fi máa họ ara ní ọ̀gànjọ́ òru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ibà pọ́njú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó ti tó nǹkan bí 1,800 ọdún tí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ ti ń se àgbo kan fún un, tí wọn kò sì tíì ṣíwọ́ sísè é títí di òní olónìí.

Àgbo náà ni mo fẹ́ kí a fẹ̀sọ̀ yẹ̀ wò, ó sì ní ìdí tí mo fi yàn án. Ewé pọ̀ nínú igbó gbogbo ayé, kò sì sí ìran ènìyàn tí kò ní àgbo tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé kì í di oògùn tí ènìyàn lè fọkàn tán àfi bí a bá ti bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: ewé wo gan-an ni, ìgbà wo ni a já a, báwo ni yóò ti pọ̀ tó, àti pé ta ni ó yẹ kí ó mu ún. Níbi tí àwọn ará Ṣáínà ti bi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, tí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, àgbo wọn wúlò fún aráyé. Níbi tí wọ́n ti gbàgbé láti bi wọ́n, ẹ̀mí ti bọ́ níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti la inú adìẹ rí ni ó mọ òróòro. Àpò kékeré aláwọ̀ ewé ni, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, ìyá a sì máa kìlọ̀ fún ọmọ tí ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ pé kí ó rọra, nítorí bí àpò náà bá bẹ́, gbogbo ibi tí omi rẹ̀ bá kàn lára ẹran ni yóò korò tí kò ní ṣeé fi kan ẹnu. Omi kíkorò yìí gan-an ni ẹ̀dọ̀, akíkanjú òṣìṣẹ́ tí kì í sinmi tọ̀sán tòru, ń pèsè sínú ara ènìyàn lójoojúmọ́, láti nǹkan bí ìdajì líta títí dé líta kan. Ẹ̀dọ̀ a tú u sínú àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ a pàdé di ọ̀nà ńlá kan, apá kan nínú rẹ̀ a sì yà sínú àpò òróòro, níbi tí yóò ti máa ki títí di ìgbà tí a bá jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá, tí àpò náà yóò sún kì, tí òróòro yóò sì ṣàn wọ inú ìfun lọ láti pàdé oúnjẹ náà.

Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe níbẹ̀. Èkíní ni pé àwọn èròjà kan wà nínú rẹ̀, èyí tí ẹ̀dọ̀ fi kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ṣe, tí wọ́n máa ń tú ọ̀rá inú oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ọṣẹ ti ń tú epo kúrò lára abọ́. Ìfun a sì tún fa nǹkan bí 95 nínú 100 àwọn èròjà náà mu padà, a dá wọn padà fún ẹ̀dọ̀, kí wọ́n lè tún iṣẹ́ kan náà ṣe. Èkejì ni pé òróòro ni ó ń kó ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ jáde: sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 120 lọ kí ó tó gbó, bí ó bá sì ti gbó tí ó fọ́, èròjà rúsúrúsú kan tí a ń pè ní bilirubin ni ó ń kù sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ a sì pò ó mọ́ òróòro kí ó lè bá ìgbẹ́ jáde. Láti ara rẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń ní àwọ̀ tí a mọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí ọ̀nà bá wá dí, bilirubin tí kò rí ibi gbà a padà sínú ẹ̀jẹ̀, ojú a pọ́n, ìtọ̀ a ṣú, ìgbẹ́ tí kò sì rí i gbà a funfun. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn èròjà tí ń tú ọ̀rá. Awọ tín-ín-rín tí ó bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gan-an, ọ̀rá wà lára ohun tí a fi ṣe é, nítorí náà bí òróòro bá dúró pẹ́ jù lójú kan, ẹ̀dọ̀ tí ó ṣe é ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì a kú, àpá a gba ipò rẹ̀, àpá a sì máa pọ̀ sí i títí ẹ̀dọ̀ yóò fi le gbagidi, tí apá rẹ̀ kò ní ká iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ó ń dí òróòro lọ́nà. Òkúta lè yí wọ inú ọ̀nà ńlá náà kí ó há síbẹ̀. Jẹjẹrẹ lè hù ní ìtòsí rẹ̀ kí ó fún un pa. Àrùn mẹ́dọ̀wú, ọtí àmujù, tàbí oògùn tí kò bá ara mu lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ṣíwọ́ títú òróòro jáde bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oyún a máa fà á fún àwọn obìnrin mìíràn. Àwọn kan wà, obìnrin sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn, tí ó jẹ́ pé agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ni ó yíjú padà tí ó ń ba àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Àwọn ìkókó mìíràn sì wà tí ọ̀nà òróòro wọn dí pa láti ìgbà tí ayé wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó fà á tí àgbo kan náà fi lè ran ẹnìkan lọ́wọ́, kí ó sì fi àkókò ẹlòmíràn ṣòfò títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́.

Ọkùnrin tí ó kọ àgbo náà sílẹ̀ fún aráyé ni Zhang Zhongjing, ọmọ Nanyang ní àgbègbè tí a ń pè ní Henan lónìí, ẹni tí ó gbé ayé ní ìgbẹ̀yìn ìjọba àwọn ọba Han, láti nǹkan bí ọdún 150 sí nǹkan bí ọdún 219 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ayé kò rọgbọ nígbà náà. Ogun ń jà, àjàkálẹ̀ àrùn ń gbá agbo ilé lọ, Zhang fúnra rẹ̀ sì fi í sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ pé àwọn ẹbí òun ju 200 lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ti lọ, àti pé nínú ẹni mẹ́wàá tí ó kú, méje ni ibà pa. Ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni. Zhang gbọ́ òwe náà, ó sì kó gbogbo ìmọ̀ àwọn aṣíwájú rẹ̀ àti èyí tí òun náà fi ojú rí jọ sínú ìwé kan, èyí tí àwọn ìran tí ó tẹ̀lé e tún tò, tí wọ́n pín sí méjì: Shanghan Lun, tí ó sọ̀rọ̀ nípa oríṣiríṣi ibà, àti Jingui Yaolue, tí ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn àìsàn yòókù.

Nínú ìwé yìí ni Yinchenhao Tang wà, àgbo ojú pípọ́n. Ohun mẹ́ta péré ni a fi ń sè é. Èkíní ni yinchen, ewéko wẹ́wẹ́ onírun fúláfúlá tí ń hù lẹ́bàá odò àti lórí ilẹ̀ iyanrìn, tí ó jẹ́ ìbátan ewéko tí a ti rí ògbóǹtarìgì oògùn ibà, artemisinin, fà yọ, èyí tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìyá àgbà Tu Youyou ní ọdún 2015. Èkejì ni zhizi, èso rúsúrúsú igi kan tí òdòdó rẹ̀ funfun tí òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Ẹ̀kẹta ni dahuang, gbòǹgbò kíkorò tí ń yọ inú ẹni. Zhang ní kí a wọn liang mẹ́fà yinchen, kí a fọ́ èso zhizi 14, kí a sì wọn liang méjì dahuang. Kí a bu òṣùwọ̀n omi 12 sínú ìkòkò. Kí a kọ́kọ́ fi yinchen nìkan sí i, kí a sè é títí òṣùwọ̀n mẹ́fà yóò fi gbẹ. Nígbà náà ni kí a tó kó àwọn méjì yòókù sí i, kí a sè é títí yóò fi ku mẹ́ta. Kí a sẹ́ ẹ, kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí aláìsàn sì mu ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó wá fi àmì rẹ̀ hàn wá pé bí àgbo náà bá jẹ́, ìtọ̀ yóò máa dà dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì pọ́n, ikùn tí ó le yóò sì rọ̀ lẹ́yìn òru kan, nítorí pé inú ìtọ̀ ni àwọ̀ rúsúrúsú náà ń gbà jáde.

Ẹ wo bí ọkùnrin yìí ti fi òye kọ̀wé! Ó sọ orúkọ, ó sọ iye, ó sọ èyí tí yóò ṣíwájú nínú ìkòkò, ó sì sọ àmì tí a ó fi mọ̀ bóyá oògùn náà jẹ́ tàbí kò jẹ́, kí ẹni tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè dán an wò, kí ó sì bá a jiyàn bí ó bá rí i pé irọ́ ni. Ẹni tí ó kọ̀wé báyìí ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí, òun sì ni ìdí tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ títí di òní.

Ìtàn kan tún wà tí àwọn ará Ṣáínà ń sọ nípa yinchen, Hua Tuo ni wọ́n sì fi ṣe akọni rẹ̀, ògbólógbòó oníṣègùn tí òun àti Zhang jọ gbé ayé ní sáà kan náà. Wọ́n ní aláìsàn kan tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ó rù kan egungun, tọ̀ ọ́ wá, Hua Tuo sì sọ fún un pé òun kò mọ oògùn àìsàn rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ṣe kòńgẹ́ ọkùnrin náà lójú ọ̀nà, ara rẹ̀ ti dá ṣáká. Ẹnu yà á. Ó bi í pé ta ni ó wò ó sàn. Ọkùnrin náà ní kò sí ẹni tí ó wo òun, ìyàn ni ó mú, koríko oko ni òun sì ń já jẹ. Hua Tuo já koríko kan náà fún àwọn aláìsàn mìíràn, kò ràn wọ́n. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n ó tún padà tọ ọkùnrin náà lọ láti bi í pé oṣù wo ni ó jẹ ẹ́, ó sì gbọ́ pé oṣù kẹta ni, nígbà tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó já a ní oṣù kẹta, ó jẹ́. Ó já a ní oṣù kẹrin, kò jẹ́ mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wí pé ọ̀mùnú oṣù kẹta ni oògùn, àti pé bí ó bá di oṣù karùn-ún kí a tó gé e, igi ìdáná lásán ni.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni èyí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Hua Tuo béèrè nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ìtàn lásán. Àyẹ̀wò òde òní ti fi hàn pé èròjà tí ó wà nínú ọ̀mùnú ìgbà ìrúwé yàtọ̀ sí ti èyí tí a já ní ìgbà ìwọ́wé nígbà tí ó ti tanná. Ìwé òfin oògùn ilẹ̀ Ṣáínà gba méjèèjì wọlé lónìí, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀tọ̀ ni ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èròjà ọ̀tọ̀ ni ó sì fi ń díwọ̀n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dára tó.

Àwọn oníṣègùn wọ̀nyí kò sì gbà pé ọ̀kan náà ni gbogbo ojú pípọ́n. Oríṣi márùn-ún ni ó wà nínú Jingui Yaolue, ọ̀kan nínú wọn sì ni èyí tí ọtí ń fà. Nígbà tí ó yá, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Nínú ti èkíní, awọ ara aláìsàn a pọ́n ròrò bí èèpo ọsàn, ara rẹ̀ a gbóná, òùngbẹ a máa gbẹ ẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ a sì le. Ooru àti ọ̀rinrin ni wọ́n sọ pé ó pàdé nínú rẹ̀, òun ni wọ́n sì ń fún ní àgbo Zhang. Nínú ti èkejì, àwọ̀ náà a ṣú bí ohun tí èéfín ti bà, òtútù a máa mú aláìsàn, oúnjẹ kò ní wù ú, okun rẹ̀ a sì ti tán. Bí a bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní dahuang tí ń yọ inú, àárẹ̀ ni a dá kún àárẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yọ dahuang kúrò, tí wọ́n ń fi atalẹ̀ àti àwọn èròjà agbóná mìíràn rọ́pò rẹ̀. A lè má gba ọ̀rọ̀ ooru àti ọ̀rinrin gbọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ṣeé kó dànù: wọ́n wo ẹni tí ó ń ṣàìsàn kí wọ́n tó wo ìkòkò àgbo.

Ìgbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá gbé àgbo yìí yẹ̀ wò, kí ni wọ́n rí? Ní ọdún 2004, àwọn kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Baylor ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò Yin Zhi Huang, oògùn òde òní tí a mú jáde láti ara àgbo Zhang, tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ pọ́n ní ilẹ̀ Éṣíà. Eku ni wọ́n fi dán an wò. Ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní CAR, tí ó jẹ́ pé bí a bá jí i, yóò pàṣẹ pé kí ẹ̀dọ̀ pèsè àwọn ohun èlò tí ó fi ń palẹ̀ bilirubin mọ́. Àwọn eku tí ó ní CAR, tí wọ́n sì fún ní oògùn náà, tètè lé bilirubin kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn; àwọn eku tí wọ́n mú CAR kúrò lára wọn kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì tọpa rẹ̀ títí wọ́n fi mọ̀ pé scoparone, èròjà kan nínú yinchen, ni ó ń jí CAR náà.

Ní Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti ń pe àgbo yìí ní inchinkoto, tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn sì ń kọ ọ́ fún aláìsàn, zhizi ni àwọn onímọ̀ dojú kọ. Wọ́n rí i pé geniposide tí ó wà nínú èso náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé inú ìfun, kí àwọn kòkòrò tí kò ṣeé fojú rí, tí wọ́n ń gbé inú ìfun wa, sọ ọ́ di genipin. Genipin yìí ni ó sì mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ àwọn eku gbé púpọ̀ sí i nínú àwọn ohun èlò tí ń ti òróòro jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà tí òróòro ń gbà, tí òróòro sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹni méjì bá mu àgbo kan náà tí ó jẹ́ fún ọ̀kan tí kò jẹ́ fún èkejì, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nítorí àwọn kòkòrò inú ìfun ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ní ti dahuang, irú èròjà tí ó wà nínú àsùnwọ̀n wa ni ó wà nínú rẹ̀, ó ń yọ inú, kì í sì í jẹ́ kí ohun tí ó ti dé ìfun pẹ́ níbẹ̀.

Ní Jàpáànù yìí kan náà ni Morio Kasai ti gbé iṣẹ́ abẹ kan kalẹ̀ ní àárín ọdún 1950 sí 1960, tí ó ń la ọ̀nà tuntun fún òróòro àwọn ìkókó tí tiwọn dí pa. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, àwọn dókítà kan níbẹ̀ a máa fi inchinkoto kún ìtọ́jú àwọn ọmọ náà. Ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ti tò ó: ọ̀bẹ ni ó ṣíwájú, nítorí kò sí àgbo tí ó lè la ọ̀nà tí kò sí, lẹ́yìn tí ọ̀nà ti ṣí ni àgbo tó ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ ti ara ewé wá. Ìwé oògùn tí ìjọba àwọn ọba Tang ní Ṣáínà gbé jáde ní ọdún 659 ti dárúkọ òróòro béárì, ọ̀rúndún lẹ́yìn ọ̀rúndún ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ojú pípọ́n àti ibà. Ní ọdún 1902, Olof Hammarsten ti ilẹ̀ Swídìnì rí èròjà àjèjì kan nínú òróòro béárì ilẹ̀ yìnyín. Ní ọdún 1927, onímọ̀ ará Jàpáànù kan tí ń jẹ́ Shoda yọ ọ́ jáde ní ògidì láti inú òróòro béárì dúdú tí ó ti Ṣáínà wá. Ní ọdún 1954, àwọn ará Jàpáànù mọ bí a ti ń ṣe é láìsí béárì. Ursodeoxycholic acid ni orúkọ rẹ̀. Kò gbóná bí àwọn èròjà òróòro yòókù, nítorí náà bí ó bá gba ipò wọn nínú ẹ̀dọ̀, ìbàjẹ́ a dín kù. Ní ọdún 1997, àjọ tí ń mójútó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn tí agbára ara wọn ń ba ọ̀nà òróòro wọn jẹ́, òun náà sì ni oògùn tí dókítà ń kọ́kọ́ kọ fún wọn káàkiri ayé lónìí. Òróòro màlúù tí a pa fún ẹran jíjẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Síbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú ni àwọn kan ti ń sin béárì sínú àgò irin ní Ṣáínà, tí wọ́n ń fa òróòro lára wọn láàyè. Ìyà aláìnídìí ni, nítorí ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹranko náà ti wà lórí àtẹ apòògùn.

Báyìí náà ni ti wuweizi, èso pupa wẹ́wẹ́ kan. Àwọn onímọ̀ Ṣáínà tọpa èròjà inú rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oògùn méjì, bifendate àti bicyclol, tí wọ́n ń fún àwọn tí àrùn mẹ́dọ̀wú ń bá jà. Àwọn méjèèjì a máa mú kí àmì ìbàjẹ́ ẹ̀dọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ó wá kù sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò. Àwọn tí kò béèrè pé ewé wo gan-an ni, ojú wọn ti rí màbo. Gbòǹgbò kan wà tí ń jẹ́ sanqi, tí ó wúlò. Òmíràn wà tí ń jẹ́ tusanqi, tí májèlé inú rẹ̀ ń dí àwọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀ pa. Àwọn ènìyàn ti mu èkejì ní ìgbàgbọ́ pé èkíní ni, ẹ̀dọ̀ wọn sì bà jẹ́. Ní ìlú Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn obìnrin tí ó fẹ́ dín sísanra kù gba oògùn tí ó yẹ kí gbòǹgbò tí ń jẹ́ fangji wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò mìíràn, guangfangji, ni ó wọ ibẹ̀. Ní ọdún 1993 ni àwọn dókítà kéde pé kíndìnrín wọn ti bà jẹ́, jẹjẹrẹ sì jẹyọ lára àwọn mìíràn lẹ́yìn náà.

Àwọn tí kò béèrè pé báwo ni yóò ti pọ̀ tó, àṣejù sọ wọ́n di ẹni ẹ̀tẹ́. Heshouwu, gbòǹgbò tí wọ́n gbà pé ó ń dá dúdú irun padà, ti sọ ojú àwọn tí ń lò ó di pípọ́n, nítorí ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Zhizi tí ń tú òróòro sílẹ̀ yìí pàápàá, àwọn dókítà Jàpáànù rí i pé bí ènìyàn bá fi ọ̀pọ̀ ọdún mu ún láìdáwọ́ dúró, ó lè mú kí àwọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ara ìfun le.

Àwọn tí kò béèrè pé ta ni ó yẹ kí ó mu ún ńkọ́? Àgbo mìíràn wà nínú ìwé Zhang tí ń jẹ́ Xiao Chaihu Tang, tí àwọn ará Jàpáànù ń fún àwọn tí ó ní àrùn mẹ́dọ̀wú lọ́pọ̀ yanturu, títí di ọdún 1996 tí ìjọba wọn kéde pé ènìyàn 88 ni ẹ̀dọ̀fóró wọn ti wú nípasẹ̀ rẹ̀, àti pé mẹ́wàá nínú wọn ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ Yin Zhi Huang: ní ọdún 2016, àjọ tí ń mójútó oògùn ní Ṣáínà pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gún un fún ọmọ tuntun àti ìkókó mọ́, nítorí jàǹbá tí ó ti ṣe.

Mo ka gbogbo èyí sílẹ̀ nítorí pé òtítọ́ ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa àgbo òróòro, lára eku ni a ti mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò tí a ṣe lára ènìyàn wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kéré, wọn kò sì le koko tó bí ó ti yẹ. Ìrètí ńlá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í fi ìrètí wo aláìsàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí ojú bá pọ́n, tí ìtọ̀ ṣú, tí ìgbẹ́ funfun, tí ara sì ń yún, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ skáànù wo inú, kí a lè mọ ohun tí ó dí ọ̀nà. Bí òkúta tàbí kókó bá ni, àgbo kò ní gbé e kúrò. Ẹni tí ó bá fi oṣù mẹ́ta mu àgbo sí i, ète ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bí i, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí pípọ́n ojú rẹ̀ bá sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, ẹ má ṣe jáfara, nítorí iṣẹ́ abẹ Kasai a máa yọrí sí rere jù bí a bá ṣe é kí ọmọ tó pé oṣù méjì. Ní ti oògùn Ṣáínà tí ó kún orí àtẹ nínú ọjà wa, èyí tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, tí kò sì kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sára páálí, ẹ má ṣe fi ẹ̀dọ̀ yín dán an wò.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà fún àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ewé kò wọ́n wa, ìmọ̀ kò sì wọ́n wa. Àkọsílẹ̀ ni ó wọ́n wa, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí bàbá mọ̀ ni ó ń bá bàbá wọ sàréè. Kí oníṣègùn kọ orúkọ ewé, oṣù tí ó já a, iye tí ó wọ̀n, ẹni tí ó fún, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kódà nígbà tí kò bá jẹ́. Kí aláìsàn má ṣe fi àgbo tí ó mu pamọ́ fún dókítà. Kí dókítà náà má sì fi ìbínú tàbí ẹ̀gàn dáhùn nígbà tí aláìsàn bá jẹ́wọ́, nítorí ìgbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń sọ òtítọ́ fún ara wọn ni a tó lè mọ ewé tí ń wo ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ sí ewé tí ń pa á.